Orógbó àti Orúnkún Àgbà

Ní Òde-Erinjẹ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, orúnkún kì í ṣe oríkèé lásán. Orúnkún ni obìnrin fi ń kí àgbà. Òun ni ìyàwó òṣìngín fi ń gba ìre lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ń lọ sí ilé ọkọ. Òun ni àwọn ìyá àtijọ́ fi ń bímọ, tí ó fi jẹ́ pé títí di òní olónìí ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni a fi ń bẹ ọmọ tí ó bá fẹ́ ṣìwà hù. Ọkùnrin tí yóò dọ̀bálẹ̀ fún ọba pẹ̀lú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi orúnkún kan ilẹ̀. Ní ọjọ́ tí orúnkún bá wá kọ̀ tí kò ká mọ́, kì í ṣe ìrìn ẹsẹ̀ nìkan ni ó dí lọ́wọ́. Ìkíni, ẹ̀bẹ̀ àti ọpẹ́ di ohun tí a ń fi ẹnu nìkan ṣe.

Ẹni tí kò bá tíì rí i rí kò lè mọ bí ó ti ń dun àwọn àgbà tó. Ìyá arúgbó wà ní ìjókòó, Kábíyèsí ń kọjá lọ. Ìyá fi ọwọ́ ti àga, ó fẹ́ dìde kí ó lè kúnlẹ̀, eékún ké gbàjarè. Ó wá ń tọrọ àforíjì pé, "Ẹ má bínú, Kábíyèsí, ẹsẹ̀ ni kò jẹ́." Gbogbo ènìyàn ní kí ó jókòó, pé adé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ń tì í, nítorí pé láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ẹni tí kò kúnlẹ̀ kò tíì kí ènìyàn.

Iṣẹ́ ilẹ̀ náà kò sì bá orúnkún ṣe rẹ́. Ilẹ̀ ọ̀pẹ àti ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Obìnrin tí ó ń ṣe gàrí tàbí pupuru ń lóṣòó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́: yóò bó ẹ̀gẹ́, yóò rẹ ẹ́, yóò fún omi rẹ̀ dànù, yóò mọ ọ́n róbótó-róbótó, yóò sì máa yí i lórí iná títí yóò fi gbẹ. Ọkùnrin ń gun ọ̀pẹ lọ gé ìdì ẹyìn, àwọn mìíràn sì ń wọ inú irà lọ dá ògùrọ̀. Kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ tó pé ọgọ́ta ọdún, orúnkún wọn ti rìn jìnnà ju ọjọ́ orí wọn lọ.

Làkúrègbé ni orúkọ tí ó wọ́pọ̀ jù tí a ń pe àìsàn yìí. Àwọn mìíràn a máa pè é ní àrọmọléegun. Níbí gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ dán oògùn rẹ̀ wò, nítorí pé orúkọ kan ṣoṣo yìí ni a fi ń pe àrùn púpọ̀. Níbi tí egungun méjì bá ti pàdé, ohun rírọ̀ kan wà tí ó ń dán, tí ó bo orí wọn, kí egungun má baà máa ha egungun. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, ohun rírọ̀ yìí a máa jẹ díẹ̀díẹ̀, pàápàá ní orúnkún àti ní ìbàdí. Èyí ni àrùn oríkèé ti ogbó. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé àwọn ohun tí ó yẹ kí ó máa gbèjà ara ni ó yí ojú ìjà padà sí oríkèé ẹni, tí ìka ọwọ́ méjèèjì á wú tí wọ́n á sì wọ́. Eléyìí kì í wo ojú ọjọ́ orí. Òmíràn tún wà tí ó jẹ́ pé èérí inú ẹ̀jẹ̀ ni ó dì bí iyanrìn sínú oríkèé, tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ á máa ta bí iná lóru, tí aláìsàn kò ní fẹ́ kí aṣọ ìbora pàápàá kàn án. Oògùn tí ó bá ran ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́ lè má ta sí èkejì rárá. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé ewé báyìí-báyìí wo làkúrègbé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á bi í ni pé: làkúrègbé wo?

Kí ni àwọn ènìyàn ń lò? Ọ̀pọ̀ ń lọ sí ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì. Oògùn oníhóró tí wọ́n ń rà níbẹ̀ ń dẹ ìrora lóòótọ́, ó sì ń yára ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń lò ó lójoojúmọ́ fún oṣù àti ọdún lè fi gba ọgbẹ́ inú, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn òyìnbó tí ó ṣe é pàápàá kò bọ́ nínú wàhálà rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004, ilé iṣẹ́ Merck ní Amẹ́ríkà kó oògùn rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Vioxx kúrò lọ́jà gbogbo ayé, nítorí a rí i pé ó ń fa àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ fún àwọn tí ó lò ó pẹ́. Làkúrègbé ni wọ́n ń lò ó fún. Àwọn mìíràn kò bá ti oníkẹ́míìsì lọ. Ọ̀dọ̀ alágbo ni wọ́n ń yà sí, wọ́n ń mu ọ̀pá ẹ̀yìn àti pàràgà, egbò igi tí a rẹ sínú ògógóró. Ọ̀rọ̀ yóò tún padà kan ògógóró yìí níwájú. Àwọn àgbà sì wà tí wọn kì í pariwo oògùn rárá, tí wọ́n kàn ń bó orógbó kan láàárọ̀, tí wọ́n ń rún un lẹ́nu jẹ́jẹ́.

Orógbó kì í ṣe àlejò nínú àṣà. Ní ọjọ́ ìkómọjáde, a ń gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú oyin, iyọ̀, obì, ataare àti omi tútù, a sì ń fi í wúre kí ọmọ náà gbó, kí ó tọ́, nítorí pé "gbó" wà nínú orúkọ rẹ̀. Òun ni oúnjẹ Ṣàngó. A kì í fi obì bọ Ṣàngó, orógbó ni ó ń gbà. Ọdẹ ń jẹ ẹ́ kí oorun má baà gbé e lọ, akéwì ń jẹ ẹ́ nítorí ohùn, ẹni tí ikọ́ ń ṣe ń jẹ ẹ́ nítorí àyà. Obì lẹ́wà, ó sì ní ojú tí a lè là sí mẹ́rin; orógbó kò ní ẹwà yẹn, ó korò, awọ rẹ̀ sì le. Síbẹ̀ kò sí apẹ àlejò kan tí ó pé láìsí i níbẹ̀.

Pierre Verger, ará Faransé tí àwọn babaláwo sọ ní Fátúmbí, kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún oògùn Yorùbá jọ sínú ìwé ńlá kan tí ó jáde ní 1995, ó sì tọ́ka sí i pé lọ́pọ̀ ìgbà orúkọ ewé àti ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí ó ṣẹ ni wọ́n máa ń bára mu nínú ọfọ̀. Àlàyé yìí gbé ìbéèrè kan dìde tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè àti oníṣègùn jọ jókòó lé lórí. Ṣé nítorí "gbó" tí ó wà nínú orúkọ orógbó ni àwọn àgbà ṣe ń jẹ ẹ́ sí àìsàn ogbó, tàbí nítorí pé wọ́n ti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ṣe fún un ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀? Gírámà kò lè dáhùn. Orúnkún nìkan ni ó lè jẹ́rìí.

Àwọn onímọ̀ ilé wa ti bẹ̀rẹ̀ irú ìwádìí báyìí láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ní 1971 pé omi egbò igi orin àta ń dá ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde padà sí bí ó ti yẹ kí ó rí, bí a bá dà á sí i nínú ìgò. Orin tí gbogbo ilé fi ń fọ eyín láàárọ̀! Ní 1982, Oriowo tún gbé ìròyìn jáde lórí ohun kan tí a fà jáde láti ara igi yẹn kan náà, pé ó ń mú wíwú rọlẹ̀ lára eku. Ní ti orógbó, Maurice Iwu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí èròjà inú hóró rẹ̀ tí a mọ̀ sí kolaviron ní àwọn ọdún 1980. Orúkọ rẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ Nàìjíríà wá mọ̀ lẹ́yìn náà nídìí ètò ìdìbò. Ní 1993, Braide fi hàn pé kolaviron náà ń dẹ wíwú lára eku.

Ó yẹ kí á ṣàlàyé bí wọ́n ti ń fi eku dán irú oògùn báyìí wò, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa rò pé eku tí làkúrègbé ń ṣe ni wọ́n ń wá kiri. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gún àtẹ́lẹsẹ̀ eku ní abẹ́rẹ́ ohun kan tí a rí láti ara ewédò inú òkun, ẹsẹ̀ náà á sì wú láàárín wákàtí díẹ̀. Wọ́n ti fún àwọn eku kan ní oògùn ṣáájú, wọn kò fún àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà wọ́n á wọn ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á wo èyí tí kò wú tó èkejì. Ìdánwò tí ó mọ́gbọ́n dání ni, ṣùgbọ́n eku kì í ṣe ìyá arúgbó, wíwú wákàtí mẹ́rin kì í sì í ṣe ìrora ogún ọdún. Ọ̀pọ̀ oògùn ni ó borí lára eku tí ó já kulẹ̀ lára ènìyàn.

Ìdí nìyí tí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fi yẹ fún àfiyèsí àwọn àgbà Erinjẹ àti ti ibi gbogbo. Dókítà Adégbẹ̀hìngbé, oníṣẹ́-abẹ egungun, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ oògùn ìbílẹ̀ wà lára wọn, gbé orógbó kúrò lára eku, wọ́n gbé e wá sí ara ènìyàn. Ìròyìn wọn jáde ní 2008. Wọn kò sọ pé làkúrègbé ni àwọn fẹ́ wò. Wọ́n sọ pé àrùn oríkèé ti ogbó, ti orúnkún nìkan. Ènìyàn 143 ni wọ́n kọ́kọ́ gbà wọlé. 84 ni ó bá òfin ìyànsípò mu tí wọ́n sì ṣe é dé òpin, ọkùnrin 24 àti obìnrin 60. Ìwọ̀n yìí kò yani lẹ́nu, nítorí àrùn orúnkún ti ogbó a máa ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ.

Bí wọ́n ti ṣe é ni kókó ọ̀rọ̀. Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn tí ń rí sí ẹ̀tọ́ aláìsàn ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, aláìsàn kọ̀ọ̀kan sì tọwọ́ bọ̀wé pé òun gbà. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, kì í ṣe nípa ojú rere tàbí nípa bí àìsàn ti le tó, bí kò ṣe bí ẹni ṣẹ́ gègé: ibi tí gègé bá mú kálukú, ibẹ̀ ni yóò wà. Ọ̀wọ́ kan ń lo orógbó, 200 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọ̀wọ́ kejì ń lo naproxen, ọ̀wọ́ kẹta ń lo Celebrex, tí í ṣe ẹbí Vioxx ọjọ́sí. Ọ̀wọ́ kẹrin ni a fún ní fítámì C, 100 mílígíráàmù, tí a mọ̀ pé kì í ṣe oògùn orúnkún. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń lò, ẹni tí ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹlòmíràn lè bínú pé kí ni a ṣe ń fún aláìsàn ní ohun tí kò lè wò ó. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́. Ẹni tí a bá tọ́jú, tí a bá bá sọ̀rọ̀ dáadáa, tí a bá fún ní ohun kan lò, ara rẹ̀ a máa fúyẹ́ díẹ̀, ohun yòówù kí a fún un. Ìgbàgbọ́ nínú babaláwo ń ṣiṣẹ́, ìgbàgbọ́ nínú dókítà aláṣọ funfun pẹ̀lú ń ṣiṣẹ́. Àrùn orúnkún sì ní ìwà àrékérekè kan, ó ń le, ó ń rọ̀. Aláìsàn kì í wá oògùn àfi ní ọjọ́ tí ó bá le jù, nítorí náà bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀fọ́ ni ó jẹ ní ọjọ́ náà, yóò rò pé ẹ̀fọ́ ni ó wo òun nígbà tí ó bá rọ̀. Bí a kò bá ní àwọn tí ó ń lo fítámì lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ó ń lo orógbó, a kò lè mọ èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ orógbó.

Báwo ni a ti ń wọn ìrora? Wọ́n fa ìlà kan sórí ìwé; ìpẹ̀kun kan jẹ́ "kò dùn rárá", èkejì jẹ́ "ó dùn dé góńgó", aláìsàn yóò sì fi àmì sí ibi tí ìrora rẹ̀ dé. Lórí ìwé, ó rọrùn. Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í sọ ìrora ní ọ̀nà kan. Orúnkún lè máa dùn, ó lè máa ro, ó lè máa ta, ó lè máa ṣán. Ríro kì í ṣe títa, ẹni tí egungun ń ro kò sì ní gbà fún ọ pé ohun tí ó ń ṣe é ni ó ń ṣe ẹni tí oríkèé ń ta. Ibo ni ríro wà lórí ìlà yẹn, ibo ni títa wà? Ohun kan tún wà tí ó le ju èyí lọ, òun ni ìwà ọmọlúàbí. Bí a bá bi àgbàlagbà Ìkálẹ̀ pé ṣé ara le, yóò ní "a dúpẹ́", bí orúnkún rẹ̀ tilẹ̀ wú tó orí ọmọ. Kì í ṣe irọ́ ni ó ń pa; ìkíni ni ó dá lóhùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ òtítọ́ gbọ́dọ̀ jókòó, kí ó bèèrè nípa oko, nípa ọjà, nípa òru, kí ó tó bèèrè nípa orúnkún.

Ìwọ̀n tí wọ́n lò ní Ifẹ̀ ni WOMAC, tí a ṣe ní Kánádà, tí a sì ń lò káàkiri ayé. Ìbéèrè 24 ni ó ní: márùn-ún nípa ìrora, méjì nípa gígan oríkèé, 17 nípa iṣẹ́ tí ara lè ṣe. Ó ń bèèrè nípa gígun àtẹ̀gùn, wíwọ inú mọ́tò, wíwọ ìbọ̀sẹ̀ àti bíbọ́ ọ, wíwọ inú agbada ìwẹ̀ àti jíjáde kúrò nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú ìbéèrè 24 náà tí ó bèèrè pé: ǹjẹ́ o lè kúnlẹ̀? Wíwọ ìbọ̀sẹ̀ ni ó ká ará Kánádà lára, nítorí òtútù. Ìyá tí ojú ń tì níwájú Kábíyèsí kò wọ ìbọ̀sẹ̀ rí. Ìdí irú èyí ni àwọn onímọ̀ ìtọ́jú iṣan àti egungun ní Ìbàdàn ṣe gbé ìwọ̀n tiwọn jáde ní 2007 fún orúnkún àti ìbàdí, tí wọ́n fi orúkọ Ìbàdàn pè, tí wọ́n sì gbé ka orí bí àwọn ènìyàn Nàìjíríà ti ń gbé ìgbésí ayé wọn. Iṣẹ́ ọlọ́pọlọ ni.

Èsì wá ńkọ́? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìrora àwọn tí ó lo orógbó dín kù gidigidi ju ti àwọn tí ó lo fítámì lọ, ìyàtọ̀ náà sì kọjá ohun tí a lè sọ pé ó ṣèèṣì. Oríkèé wọn rọ̀, wọ́n sì rìn dáadáa ju àwọn yẹn lọ. Nígbà tí a fi wọ́n wé àwọn tí ó lo naproxen àti Celebrex, orógbó kò borí. Agbára rẹ̀ lórí ìrora kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì pẹ́ lára tó tiwọn. Wọn kò rí ìpalára kan tí ó ṣe pàtàkì fún ọkàn tàbí kíndìnrín. Wọ́n tún tọpa àwọn 11 nínú àwọn tí ó lo orógbó lẹ́yìn tí wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró: ìtura náà bá wọn gbé fún nǹkan bí ọjọ́ 17 ní ìṣirò gbogbogbòò, ẹni tí tirẹ̀ kúrú jù ní ọjọ́ 9, ẹni tí tirẹ̀ gùn jù ní ọjọ́ 26.

Àbájáde tí ó dára ni, kò sì sí ìdí láti fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ìròyìn náà tán tí ó sáré lọ ra agbọ̀n orógbó kan kò kà á dáadáa. Ènìyàn 84 tí a pín sí mẹ́rin kò pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dọ̀ àti inú ẹni tí ó lo oògùn fún ọdún mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni àrùn orúnkún. Ìwọ̀n 200 mílígíráàmù kò ju ìdá kan nínú márùn-ún gíráàmù kan ṣoṣo lọ, odindi orógbó sì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá rún orógbó mẹ́ta lẹ́nu kò tíì lo oògùn tí a dán wò ní Ifẹ̀. Kò sì sí ẹni tí ó sọ pé orógbó dá ohun rírọ̀ tí ó ti jẹ tán padà sórí egungun. Àwọn olùwádìí náà fúnra wọn sọ pé ó ku ìwádìí lórí ìwọ̀n rẹ̀ àti lórí àìléwu rẹ̀.

A ti rí ibi tí ìkánjú ń gbé ènìyàn lọ. Ní 1999, Iwu sọ níbi àpéjọ àwọn onímọ̀ igi àti ewéko ní St. Louis ní Amẹ́ríkà pé èròjà inú orógbó dá kòkòrò Ebola dúró nínú ilé àyẹ̀wò. Nínú ìgò ni o, kì í ṣe lára ènìyàn. Nígbà tí Ebola wá dé Nàìjíríà ní 2014, àwọn ènìyàn sáré sí ọjà, orógbó wọ́n bí ojú, àwọn mìíràn tún fi omi iyọ̀ wẹ̀, wọ́n sì mu ún. Orógbó kọ́ ni ó lé Ebola lọ. Àwọn tí ó ń tọpa gbogbo ẹni tí aláìsàn bá fara kàn ni.

Ti ògógóró ni ó sún mọ́ Erinjẹ jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kan náà, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Orí á fọ́ wọn, ojú wọn á ṣókùnkùn, wọn kò ní ríran mọ́, ọjọ́ kan kò sì ní pé kí wọ́n tó kú. Ó ju ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tí ó bá a lọ. Àwọn kan ní àwọn tí ó jalè ní ojúbọ òrìṣà ni òrìṣà ń jà lù. Àwọn kan ní oògùn apakòkòrò oko ni. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wọn wò ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Èkó, methanol ni wọ́n bá níbẹ̀, ẹ̀yà ọtí kan tí ó jẹ́ májèlé, tí ojú lásán kò lè fi mọ̀ yàtọ̀ sí ọtí gidi. Ògógóró tí wọ́n mu ni ó gbé e dé inú wọn. Ewé àti egbò lè jẹ́ aláìlẹ́ṣẹ̀, kí ó jẹ́ pé ohun tí a fi rẹ ẹ́ ni yóò pa ènìyàn. Ẹni tí ó ń mu ọ̀pá ẹ̀yìn nítorí orúnkún kì í bèèrè ibi tí wọ́n ti pọn ọtí rẹ̀. Oníjìbìtì mìíràn tún wà, ẹni tí ó ń lọ oògùn òyìnbó sínú àgbo kí ó lè yára ṣiṣẹ́. Àwọn aláyẹ̀wò ti mú irú wọn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Oníbàárà á máa yin ewé, hóró ilé kẹ́míìsì ni ó ń mu láìmọ̀.

Àwọn adáhunṣe ní ọ̀rọ̀ tiwọn, ó sì yẹ kí á gbọ́ ọ. Wọ́n ní bí àwọn bá tú àṣírí ewé fún àwọn ará yunifásítì, ta ni yóò jèrè rẹ̀? Wọn kò jayò pa. Ní gúúsù Áfíríkà, egbò kan wà tí àwọn ẹ̀yà San ti ń lò tipẹ́, tí òyìnbó sọ ní èékánná èṣù. Láti àwọn ọdún 1960 ni a ti ń kó o láti Nàmíbíà lọ sí Jámánì, ó sì di oògùn oríkèé tí a ń tà nínú páálí dáradára. Owó táṣẹ́rẹ́ ni àwọn tí ń wa á nínú iyanrìn ń rí. Àdéhùn Nagoya ti 2010 wà lórí ìwé láti dí irú rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àṣírí pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀. Adáhunṣe tí ó bá kú láìsọ, ó gbé e lọ; èyí tí ó sì ń purọ́ yóò máa fara pamọ́ sẹ́yìn èyí tí ó mọ̀ ọ́n ní tòótọ́. Bí ó ti rí yìí, orógbó ni ó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò sí àṣírí kankan nínú rẹ̀. Gbogbo ilé ni ó mọ̀ ọ́n.

Ìṣòro orógbó ni pé igi rẹ̀ ń tán lọ nínú igbó. Àwọn tí ń ka ohun alààyè tí ó wà nínú ewu ní àgbáyé ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé wọn. A ń hú gbòǹgbò rẹ̀ fún orin, a ń bó èèpo rẹ̀ sínú ọtí, a sì ti fi ọ̀pẹ àti rọ́bà rọ́pò igbó tí ó máa ń hù sí. Hóró rẹ̀ a máa sùn nínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kí ó tó ta, ó sì lè tó ọdún mẹ́wàá kí ó tó so. Ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbin irú igi bẹ́ẹ̀. Bí ìdánwò ńlá bá wá fi hàn lọ́la pé orógbó dára fún orúnkún ní tòótọ́, ibo ni a ó ti rí orógbó tí yóò tó?

Ìdánwò ńlá náà ni ó kù, èyí tí yóò gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí yóò sì bèèrè nípa ìkúnlẹ̀ ní èdè tí ìyá àgbà gbọ́. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ Ifẹ̀ nìkan ni yóò ṣe é. Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgágù wà ní Òkìtìpupa, Erinjẹ kò sì jìnnà síbẹ̀. Ní báyìí ná, ìyá tí orúnkún ń dùn lè máa jẹ orógbó rẹ̀ ní ìwọ̀nba bí ó ti ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí dókítà yẹ orúnkún náà wò kí a lè mọ irú làkúrègbé tí ó jẹ́. Bí dókítà bá bi í pé kí ni ó ti ń lò, kí ó dárúkọ orógbó àti àgbo láìbẹ̀rù, kí dókítà náà sì má ṣe jágbe mọ́ ọn.